Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ọmọ Arméníà Tí Aṣálẹ̀ Kò Rí Pa

Ṣé o mọ̀ pé kápẹ́ẹ̀tì kan wà lára ẹrù White House, ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé àwọn ọmọbìnrin aláìlóbìí ló fi ọwọ́ ara wọn hun ún? Kókó òwú tí wọ́n so sí i jẹ́ 4,404,206. Àwọn ọmọ bíi 400 ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ghazir, ìlú kan tó wà lórí òkè ní ilẹ̀ Lẹ́bánónì. Ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta àbọ̀, ó sì gùn ju mítà márùn-ún àbọ̀ lọ. Ẹranko, ẹyẹ àti igi ló kún ojú rẹ̀. Ní ọdún 1925 ni wọ́n gbé e fún Ààrẹ Calvin Coolidge láti fi dúpẹ́ oúnjẹ àti ibùgbé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fún wọn.

Ọmọ Arméníà ni àwọn ọmọbìnrin náà. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ tí àwọn baba ńlá wọn ti ń gbé ní ìlà oòrùn ilẹ̀ tí à ń pè ní Túrkì lónìí, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kírísítì lágbàáyé. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Igbe, ọdún 1915, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Ottoman, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà náà, kó àwọn òǹkọ̀wé, agbẹjọ́rò, àlùfáà àti olóṣèlú wọn ní Constantinople, tí à ń pè ní Istanbul lónìí, wọ́n sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dojú kọ àwọn ìlú àti abúlé. Wọ́n á ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n á pa wọ́n. Àwọn obìnrin, arúgbó àti ọmọdé ni wọ́n ń lé jáde láti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí aṣálẹ̀ Síríà, lápá Deir ez-Zor. Ebi, òùngbẹ, àrùn, ọ̀bẹ àti ìbọn pa wọ́n lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn tó kú tó mílíọ̀nù kan, àwọn mìíràn sì sọ pé ó tó mílíọ̀nù kan àbọ̀.

Iye òkú ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó yè ló gbà mí lọ́kàn. Nínú ìwé ìtàn, wọ́n sábà máa ń ṣe wọ́n bí ẹni tí àwọn òyìnbó aláàánú kàn gbé ládùúgbò ikú. Lóòótọ́, àwọn aláàánú wà, mo sì máa dárúkọ wọn. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń ka ìtàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo rí ni pé àwọn ọmọ náà ṣe iṣẹ́ ìgbàlà ara wọn ju bí a ṣe ń kà á sí wọn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ọmọ aláìlóbìí kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ọmọ gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Antoura ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní Lẹ́bánónì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Faransé ni tẹ́lẹ̀, kí Djemal Pasha tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Djemal yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó di ìjọba Ottoman mú nígbà ogun. Àwọn ọmọ bíi 1,000 ni wọ́n kó síbẹ̀. Arméníà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ Kurd sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọ bá ti wọlé, wọ́n á fún un ní orúkọ Túrkì, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà. Wọ́n dá abẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin, wọ́n yí ẹ̀sìn wọn padà láìbéèrè, wọ́n sì fòfin de èdè Arméníà pátápátá. Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹgba ni yóò jẹ.

Karnig Panian wà nínú wọn. Gurin ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1910, nítorí náà kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí wọ́n lé àwọn ará ilé rẹ̀ jáde. Ìyá rẹ̀ kú mọ́ ọn lójú nínú ibùdó àwọn tí wọ́n lé kúrò nílùú. Nígbà tí ebi àti ìyà Antoura le jù, òun àti àwọn ọmọ mélòó kan sá jáde, wọ́n lọ ń gbé inú ihò àpáta lórí òkè, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò jẹ kiri. Ọmọdé ni gbogbo wọn, kò sí àgbà kankan láàárín wọn. Lábẹ́ òrùlé Antoura náà, lẹ́yìn ẹgba, wọ́n ń fi èdè Arméníà sọ̀rọ̀ síra wọn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí ogun parí ní 1918 tí àwọn Ottoman kó lọ, àwọn ọmọ náà ju orúkọ tí wọ́n fi sí wọn lórí nù, wọ́n padà sí ti tẹ́lẹ̀. Panian dàgbà, ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Arméníà kan ní Beirut, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà án. Ìwé tó kọ nípa ìgbà ọmọdé rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2015, Goodbye, Antoura ni wọ́n pè é.

Bóyá ẹnìkan á ní yíyí orúkọ ọmọ padà kò tó ohun tí a ń fi wé ìpànìyàn. Kí ó wo òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1948 lórí ìpẹ̀yàrun. Ọ̀nà márùn-ún ni òfin náà là sílẹ̀ tí a fi ń pa ẹ̀yà run, ìkarùn-ún sì ni kíkó ọmọ ẹ̀yà kan fún ẹ̀yà mìíràn ní tipátipá. Raphael Lemkin, amòfin Júù láti ilẹ̀ Poland, ẹni tó fún ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí, sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Arméníà wà lára ohun tó ta òun jí. Ní 1921, Soghomon Tehlirian, ọ̀dọ́kùnrin Arméníà kan, yìnbọn pa Talaat Pasha ní ìgboro Berlin. Talaat yìí ni olórí àwọn tó pàṣẹ pé kí wọ́n lé wọn jáde. Ilé ẹjọ́ Jámánì dá Tehlirian sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Lemkin nígbà náà, ó sì ń bi àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé: kí ló dé tí òfin fi wà fún ẹni tó pa ènìyàn kan, tí kò sì sí fún ẹni tó pa odidi ẹ̀yà?

Àwọn ọmọ mìíràn kò dé ilé ọmọ aláìlóbìí rárá. Inú ilé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀, wọn kò sì jáde mọ́. Ṣé o mọ̀ pé agbẹjọ́rò kan wà ní Túrkì tó ti dàgbà kó tó mọ̀ pé Arméníà ni ìyá ìyá òun? Fethiye Çetin ni orúkọ rẹ̀. Seher ni gbogbo ilé ń pe ìyá àgbà náà, Mùsùlùmí ni, ẹni pẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan, ní àwọn ọdún 1970, ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ sápá kan, ó sọ fún un pé Heranuş ni orúkọ òun, pé abúlé Habab ni òun ti wá, pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan ló já òun gbà lọ́wọ́ ìyá òun lójú ọ̀nà ikú, tó sì fi òun ṣe ọmọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú. Ìyá àti bàbá tó bí i ṣì wà láàyè ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́. Lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, Fethiye kéde rẹ̀ nínú Agos, ìwé ìròyìn àwọn Arméníà ní Istanbul, ìkéde náà sì dé etí àwọn ẹbí tó wà ní Amẹ́ríkà. Ní 2004 ló tẹ ìtàn náà jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Túrkì mìíràn ti ń jáde sọ pé ìyá àgbà àwọn náà ní orúkọ kan tí wọn kò gbọ́dọ̀ pè nínú ilé.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé mi tó jẹ́ Mùsùlùmí gbọ́ ìyókù, nítorí àwọn kan máa ń gé ìtàn yìí kù síbi tí kò yẹ. Ní 1917, Sharif Hussein ti Mẹ́kà kọ ìwé sí àwọn ọmọọba Lárúbáwá pé kí wọ́n dáàbò bo àwọn Arméníà tó bá bọ́ sí ọwọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ṣe dáàbò bo ara wọn àti ọmọ wọn. Àwọn Kurd ní òkè Dersim fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn pamọ́, wọ́n sì mú wọn la ibodè já sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà. Àwọn Yazidi tó wà ní òkè Sinjar, ní Ìráàkì òde òní, gba àwọn tó sá wá bá wọn, wọn kò sì fà wọ́n lé ọ̀tá lọ́wọ́. Àwọn Bedouin kan ra ọmọ tàbí kí wọ́n gbé wọn nínú aṣálẹ̀. Àwọn kan tọ́ wọn bí ọmọ inú wọn, àwọn mìíràn sọ wọ́n di ẹrú, wọ́n sì fi ọmọbìnrin kékeré ṣe aya. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fín ojú àti ọwọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹ̀yà tó mú wọn, àpá náà kò sì kúrò lára wọn títí wọ́n fi kú.

Àwọn tó fẹ́ padà wá ńkọ́? Karen Jeppe, obìnrin ará Dẹ́nímáàkì, ṣí ilé kan fún wọn ní Aleppo lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, èyí tó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó ju 1,000 obìnrin àti ọmọdé tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Wọ́n ń kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìwé ńlá, wọ́n á lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á kọ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó bọ́ sí, àti bó ṣe sá. Ìwé náà wà ní Geneva títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dá sá, tí wọ́n fi òru rin aṣálẹ̀ nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ilé kan wà ní Aleppo.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé àwọn obìnrin méjì tó ń sá fún ikú gbé ìwé kan tó wúwo tó kílò 28? Ìwé àfọwọ́kọ láti nǹkan bí ọdún 1200 ni, awọ ẹran ni ojú ewé rẹ̀. Inú ahoro ilé àwọn mọ́ńkì nítòsí Mush ni wọ́n ti rí i ní 1915. Ó wúwo jù fún ẹnìkan, wọ́n bá pín in sí méjì. Ọ̀kan gbé apá tirẹ̀ dé Etchmiadzin ní ilẹ̀ Arméníà. Èkejì ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Erzurum kí ó tó kú, àwọn ẹlòmíràn sì wá hú u lẹ́yìn náà. Apá méjèèjì ti padà pọ̀ báyìí ní ilé ìwé àfọwọ́kọ Matenadaran ní Yerevan. Orúkọ àwọn obìnrin náà kò sí nínú ìwé kankan.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n lé jáde bí ẹran. Àwọn ará abúlé mẹ́fà tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Musa Dagh, létí òkun, kọ̀ láti lọ. Wọ́n kó ọmọ, ewúrẹ́ àti ìbọn díẹ̀ gun orí òkè ní 1915, wọ́n sì bá àwọn ọmọ ogun jà fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá méjì sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí òkun: wọ́n ya àgbélébùú pupa sí ọ̀kan, wọ́n sì kọ sí èkejì pé Kírísítẹ́nì wà nínú wàhálà, kí ẹ gbà wọ́n. Ọkọ̀ ogun Faransé kan rí i. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọkọ̀ ogun Faransé mélòó kan kó wọn, ó lé ní 4,000 ènìyàn, lọ sí Port Said ní Íjíbítì. Abẹ́ àgọ́ ni wọ́n ti ṣí ilé ìwé fún àwọn ọmọ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, Vakıflı, ṣì wà. Òun nìkan ni abúlé Arméníà tó kù ní gbogbo Túrkì.

Ní ti oúnjẹ, ìtàn náà pọ̀. Ní 1915, Henry Morgenthau, aṣojú Amẹ́ríkà ní Constantinople, fi wáyà ránṣẹ́ sílé pé wọ́n ń run ẹ̀yà kan, kí wọ́n wá owó. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà náà ló di Near East Relief. Láti 1915 dé 1930, ó kó owó àti ohun ìrànlọ́wọ́ tó tó mílíọ̀nù 116 dọ́là, ó sì tọ́jú ọmọ aláìlóbìí 132,000. Jackie Coogan, ọmọ kékeré tó bá Charlie Chaplin ṣe sinimá The Kid, rìn káàkiri Amẹ́ríkà ní 1924 láti gba mílíìkì alágolo àti aṣọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì bá ẹrù náà dé Gíríìsì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Láti 1923, Ọjọ́ Ìsinmi kan wà ní oṣù Ọ̀pẹ tí wọ́n ń rọ àwọn ìdílé pé kí wọ́n jẹ irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní ilé ọmọ aláìlóbìí, kí wọ́n sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù ránṣẹ́.

Ilé tó tóbi jù nínú gbogbo wọn wà ní Alexandropol, ìlú tí wọ́n ń pè ní Gyumri báyìí. Ilé àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ju 20,000 ló gbé ibẹ̀, tí wọ́n fi ń pè é ní Ìlú Ọmọ Òrukàn. Àrùn ojú kan tí ń jẹ́ tirakóma gbilẹ̀ láàárín wọn débi pé wọ́n ya apá kan nínú ìlú náà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní in. Láti gba ojú wọn là, wọ́n ń fi oògùn tó ń ta wọ́n bí iná ra ìpéǹpéjú wọn léraléra. Àwọn ọmọ náà ló ń rán aṣọ, tí wọ́n ń kan bàtà, tí wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, tí àwọn àgbà wọn sì ń tọ́jú àwọn kéékèèké.

Jakob Künzler, ará Swítsàlandì, àti ìyàwó rẹ̀ Elisabeth kó ọmọ bíi 8,000 jáde kúrò ní Túrkì sí Síríà àti Lẹ́bánónì ní 1922. Òun ló tún dá ibi ìhunṣọ Ghazir sílẹ̀, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti jáde. Maria Jacobsen, ará Dẹ́nímáàkì, ló ń tọ́jú ilé tí wọ́n ń pè ní Ìtẹ́ Ẹyẹ ní Jbeil. Màmá ni gbogbo ọmọ ń pè é, àgbàlá ilé náà ni wọ́n sì sin ín sí ní 1960.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ogunléndé Arméníà ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ olórin ọba sílẹ̀ ní Etiópíà? Ní 1924, Ras Tafari, ẹni tó wá di Ọba Haile Selassie, kọjá ní Jerúsálẹ́mù nígbà tó ń rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù. Ní àdúgbò àwọn Arméníà nínú ìlú náà, ó bá àwọn ọmọkùnrin aláìlóbìí tó ń fọn ìpè àti fèrè ní ọgbà àwọn mọ́ńkì. Orin wọn wọ̀ ọ́ lára. Ó bẹ Pátíríákì wọn, ó sì gba ogójì nínú wọn láti mú lọ sílé. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún náà ni wọ́n dé Addis Ababa. Arba Lijoch ni àwọn ará Etiópíà ń pè wọ́n, ogójì ọmọ.

Kevork Nalbandian, ọmọ Arméníà láti Aintab, ni olùkọ́ wọn. Òun ló ṣe ohùn orin orílẹ̀-èdè Etiópíà, èyí tí wọ́n lò títí di àárín àwọn ọdún 1970. Nígbà tí wọ́n ń dé Haile Selassie ládé ní oṣù Bélú, 1930, tí àwọn ọmọọba àti aṣojú ìjọba láti ilẹ̀ gbogbo pé jọ, orin tí ọmọ ogunléndé ṣe ni wọ́n gbọ́. Nerses, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Kevork, tí wọ́n bí ní Aintab ní 1915 gan-an, wá bá a ní 1938. Ó darí ẹgbẹ́ olórin ilé eré Haile Selassie, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọ orin ìgbàlódé Etiópíà di ohun tí ayé ń gbọ́ lónìí. Bí o bá gbọ́ fèrè nínú orin Addis àtijọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Kì í ṣe àánú nìkan ni Áfíríkà ṣe fún wọn, ó fún wọn níṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì gba ohun tí wọ́n mú wá.

Kánádà gba tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Nígbà náà, òfin ilẹ̀ náà ka Arméníà mọ́ àwọn ará Éṣíà tí wọn kò fẹ́ kí wọ́n wọlé. Síbẹ̀, láti 1923, wọ́n gba ọmọkùnrin bíi 110 sí oko kan ní Georgetown, ní Ontario, láti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìgbà kan wá tí àwọn alábòójútó fẹ́ fún wọn ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè rọrùn láti pè. Àwọn ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Orúkọ nìkan ni ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, wọn kò sì ní fi sílẹ̀. Wọ́n borí.

Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Ẹni tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ lé jáde kò ní páàsìpọ̀ọ̀tù. Fridtjof Nansen, ará Nọ́wè tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1922, ló gbé ìwé kan jáde fún àwọn ogunléndé Rọ́ṣíà. Ní 1924, wọ́n fi kan àwọn Arméníà. Ìwé Nansen yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi wọ Faransé àti àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọbìnrin kan tó bọ́ nínú ìpakúpa náà tún padà kó sínú rẹ̀ níwájú kámẹ́rà? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Aurora Mardiganian nígbà tí wọ́n lé wọn jáde ní Chmshkatsag. Wọ́n pa àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n tà á lẹ́rú, ó sá. Ní 1917 ló dé New York, ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì gbé e lọ sí Hollywood ní kí ó wá ṣe ara rẹ̀ nínú sinimá. Dọ́là 15 ni wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀. Nígbà tó rí àwọn òṣèré tó dé fìlà Túrkì, ẹ̀rù bà á, ó rò pé wọ́n tún ti wá mú òun ni. Ó fò láti orí òrùlé kan sí èkejì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Wọn kò dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú láti fara hàn nígbà tí wọ́n bá ń fi sinimá náà hàn, títí ara rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Nígbà tí kò lè lọ mọ́, wọ́n háyà àwọn ọmọbìnrin méje tó jọ ọ́ láti máa lọ nípò rẹ̀.

Èyí dùn mí wọra. Owó tí sinimá náà pa bọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni òun náà, ogunléndé ni òun náà, kò sì sí ẹni tó ní kí ó jókòó sinmi. Ó kú ní Los Angeles ní 1994, kò sì sí ẹni tó wá gba eérú òkú rẹ̀. Díẹ̀ nínú sinimá náà ló kù, kò tó ìṣẹ́jú 30. Láti 2016 ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ fún àwọn tó ń gba ẹ̀mí ènìyàn là ní ẹ̀bùn ńlá kan, ẹni tó sì kọ́kọ́ gbà á ni Marguerite Barankitse, obìnrin Bùrúńdì tó gba àwọn ọmọ Hutu àti Tutsi sínú ilé kan náà nígbà tí ogun abẹ́lé ń jó.

Arshile Gorky, ayàwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní àwọn ilé àwòrán ńlá Amẹ́ríkà, kì í ṣe Arshile Gorky ni wọ́n bí i. Vostanik Adoian ni, láti abúlé Khorkom lẹ́bàá adágún Van. Òun, ìyá rẹ̀ Shushan àti àbúrò rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé ìhà Yerevan ní 1915. Ní 1919, ebi pa ìyá náà kú. Vostanik tó bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Àwòrán kan tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ yà ní 1912, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí bàbá tó wà ní Amẹ́ríkà, ló wá di ohun tó gbájú mọ́ fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá: ó fi kun ya á lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan wà ní New York, èkejì ní Washington. Ọwọ́ ìyá kò parí nínú àwọn àwòrán náà.

Mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé Missak Manouchian náà. Adıyaman ni wọ́n bí i sí ní 1906. Wọ́n pa bàbá rẹ̀, ìyà àti àrùn pa ìyá rẹ̀, ìdílé Kurd kan sì gba òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pamọ́. Ó dé ilé ọmọ aláìlóbìí ní Jounieh, Lẹ́bánónì, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ewì. Láti ibẹ̀ ló kọjá sí Faransé ní àárín àwọn ọdún 1920. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò, ó ń tẹ ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ jáde ní èdè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ ìjọba Faransé kí wọ́n sọ òun di ọmọ ilẹ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò rí i gbà. Nígbà tí àwọn Nazi gba Párísì, ó di olórí àwọn àjèjì tó ń bá wọn jà ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n yìnbọn pa á ní òkè Mont-Valérien ní ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé, 1944. Lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún gééré, ní ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé, 2024, Faransé gbé òun àti Mélinée ìyàwó rẹ̀ wọ Panthéon, ibi tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ náà sí. Ọmọ aláìlóbìí inú ìpakúpa kan náà ni Mélinée.

Ìjọba Túrkì kò tíì gbà títí di òní pé ìpẹ̀yàrun ni. Ikú ogun ni wọ́n ń pè é. Jámánì, tó jẹ́ alájọjà Ottoman nígbà náà, gbà á ní ilé aṣòfin rẹ̀ ní 2016. Ààrẹ Amẹ́ríkà pè é ní orúkọ rẹ̀ ní 2021. Àwọn tó rí i fojú ara wọn ti kú tán. Ṣùgbọ́n J. Michael Hagopian, ẹni tí wọ́n bí ní Kharpert ní 1913 tó sì di aṣesinimá ní Amẹ́ríkà, ti gbé kámẹ́rà káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó lọ, ó sì gba ohùn àti ojú bíi 400 wọn sílẹ̀. USC Shoah Foundation ní Los Angeles ló ń tọ́jú wọn báyìí. Arúgbó ni wọ́n nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé ni wọ́n ń sọ. Wá ọ̀kan nínú wọn, kí o sì gbọ́ ọ dópin.